ÀWỌN Ẹ̀ṢỌ́ INÚ ÌFUN ẸRAN: Ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ kí àgbò Maiduguri tó wọ agbo ilé

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ ìfun ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ó lè dà bí ẹni pé ohun tí ó wà nínú ikùn ẹran kò kan àgbẹ̀, pé iṣẹ́ dókítà ẹran ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ewúrẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá bá ti kú mọ́ lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru àti ikun imú, yóò gbà pé ọ̀rọ̀ inú ìfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àrùn tí ń ṣe irú ibi bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní kátà.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a óò kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ inú ìfun ẹran. Lẹ́yìn náà, a óò fi hàn bí kátà ṣe ń borí wọn. Ní ìparí, a óò sọ ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe kí ẹran tí ó rà láti ọ̀nà jíjìn má baà di ikú fún èyí tí ó ti wà nílé.

1. ỌJÀ ÀTI Ọ̀NÀ

Kasuwan Shanu ni orúkọ ọjà ẹran ńlá kan ní ìlú Maiduguri, tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno. Ní èdè Hausa, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ọjà màlúù. Ìpínlẹ̀ Borno bá orílẹ̀-èdè mẹ́ta pààlà, èyí ni Niger, Chad àti Cameroon. Nítorí náà, ẹran láti oríṣiríṣi agbègbè ni ó ń pàdé ní Maiduguri. Láti ọdún 2009 tí rògbòdìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ní Borno, ìdílọ́wọ́ púpọ̀ ti bá ọ̀nà àti ọjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwò ẹran kò parun. Ọkọ̀ akẹ́rù ṣì ń kó ẹran láti apá ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ìrìn àjò tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ.

Orúkọ màlúù ni ọjà náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe màlúù nìkan ni ó ń ti Borno wá. Nígbà tí ọdún Iléyá bá ń súnmọ́, àgbò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá. Àgbò Balami, tí ó funfun, tí ó ga, tí etí rẹ̀ gùn, agbègbè Borno ni a ti mọ irú rẹ̀ jùlọ. Kì í ṣe gbogbo ẹran tí a rà ni a ń pa lọ́jọ́ ọdún. Àwọn mìíràn ń rà á fún ìbísí, kí ọmọ tí ewu ilé wọn bá bí lè tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá ti já ẹran sílẹ̀ lálẹ́, inú agbo kan náà pẹ̀lú ewúrẹ́ àti àgùntàn ilé ni wọn yóò tì í sí, wọn yóò sì jọ mu omi nínú ọpọ́n kan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí a tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo inú ìfun.

2. BÍ INÚ ÌFUN ṢE RÍ

Gbogbo ara ohun alààyè ni a fi àwọn ègé kéékèèké kọ́, tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni a ń pè wọ́n. Bí búlọ́ọ̀kù ti jẹ́ fún ilé ni sẹ́ẹ̀lì jẹ́ fún ara. Ní inú ìfun, níbi tí oúnjẹ tí ó ti dà ń gbà kọjá, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó la oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ láàárín. Odi náà fẹ́lẹ́ púpọ̀, nítorí pé bí ó bá nípọn, agbára oúnjẹ kò ní lè kọjá sínú ẹ̀jẹ̀.

Iṣẹ́ méjì ni odi fẹ́lẹ́ yìí ń ṣe. Èkínní, ó ń jẹ́ kí omi àti èròjà oúnjẹ wọlé sínú ara. Èkejì, ó ń dènà àìmọye kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú ìfun kí wọn má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ni wọ́n ń ba ẹran da koríko, wọ́n sì wúlò níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá dúró sí àyè wọn. Àwọn àgbà wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìfun. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri rẹ̀ bá dí pinpin, àlàáfíà wà. Bí ó bá lanu, kòkòrò tí ń ṣe ẹran ní rere láná lè di ohun tí yóò ṣe é ní ibi lónìí.

3. Ẹ̀ṢỌ́ MẸ́RIN TÍ Ń ṢỌ́ INÚ ÌFUN

Ẹ ti ń gbọ́ orúkọ purotéènì lẹ́nu àwọn agbaninímọ̀ràn àgbẹ̀. Èyí ni èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àti nínú ewé àwọn irúgbìn bí ẹ̀wà tí ẹran ń jẹ. Nígbà tí ẹran bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ á tú u palẹ̀, á sì fi àwọn ègé rẹ̀ tún purotéènì tirẹ̀ mọ, bí bíríkìlà ti ń fi búlọ́ọ̀kù ilé àtijọ́ kọ́ ilé tuntun. Kì í ṣe ẹran ara nìkan ni ara ń fi purotéènì mọ. Ó tún ń fi í mọ àwọn ẹ̀ṣọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí.

(a) Ikun inú ìfun. Bí a bá ya ìfun ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ọwọ́ á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni fọwọ́ kan ọbẹ̀ ilá. Purotéènì kan ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ikun yìí bo odi ìfun mọ́lẹ̀, ó sì ń mú kí kòkòrò jìnnà sí i.

(b) Okùn ìdè. Àwọn purotéènì kan wà tí wọ́n so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì rẹ̀ típẹ́típẹ́, bí okùn ti ń so igi ọgbà pọ̀. Ọ̀kan lára àwọn purotéènì ìdè bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ nectin-4. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà bọ̀ sórí rẹ̀.

(c) Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nínú ikun yìí kan náà ni purotéènì tí a ń pè ní IgA wà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti di kòkòrò àrùn mú kí ó tó fara kan odi. Kì í pariwo, kì í sì dá ìjà sílẹ̀. Ó kàn ń di àlejò tí kò yẹ mú ni, ìgbẹ́ yóò sì kó o jáde. Ọmọ ewúrẹ́ tàbí ọmọ àgùntàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ní irú ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rárá. Inú omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tí ó máa ń ki, ni ó ti ń rí ẹ̀ṣọ́ ìyá rẹ̀ gbà. Láàárín ọjọ́ kan péré tí a bí i ni ìfun rẹ̀ lè gbà wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀, wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó sì dára jùlọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe fún omi ọmú àkọ́kọ́ dànù.

(d) Àwọn oníṣẹ́. Bí ọ̀tá bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jagun fún ara ń fi purotéènì ránṣẹ́ sí ara wọn. Oríṣi méjì ni àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí. Àwọn kan ń lu ìlù ogun. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ TNF. Bí ó bá ti dún, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbi ìjà, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì gbóná. Àwọn kejì ni onílàjà, tí wọ́n ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí jagunjagun padà sílé. Èyí tí a mọ̀ jùlọ nínú wọn ni interleukin-10. Ìlú tí kò ní alulù ogun, ọ̀tá á kó o. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò ní onílàjà, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni yóò tú u.

4. BÍ ONÍLÀJÀ KÒ BÁ SÍ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 1993, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Cologne ní orílẹ̀-èdè Jámánì gbé ìròyìn jáde nípa àwọn eku tí a mú kí ara wọn má lè ṣe interleukin-10. Kò pẹ́ tí ìfun àwọn eku náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ó sì ń lé egbò, tí wọ́n sì rù. Kì í ṣe àrùn láti ìta ni ó mú wọn. Àwọn kòkòrò inú ìfun tí kì í ṣe eku mìíràn ní nǹkan kan ni ara wọn ń bá jà láìdáwọ́ dúró.

Ohun kan tún wà nínú ìròyìn náà tí àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nígbà tí a tọ́ irú eku kan náà sí ibi tí ó mọ́ tónítóní, tí a pa àwọn kòkòrò àrùn mọ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, àìsàn náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́tótó kò lè dá onílàjà padà, ṣùgbọ́n ó dín ọ̀tá tí ń bọ̀ lẹ́nu odi kù.

Nínú ènìyàn pẹ̀lú, àìsàn ìfun wíwú kan wà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Oríṣi rẹ̀ méjì tí a mọ̀ jùlọ ni Crohn's disease àti ulcerative colitis. Nínú wọn, ìlù ogun kì í dákẹ́. Láti ọdún 1998 ni a ti ń lo òògùn kan ní Amẹ́ríkà tí ń di TNF lẹ́nu fún àwọn tí Crohn's disease ń bá jà. Kátà kì í ṣe irú àìsàn yẹn. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa kátà, kíákíá ni ó sì ń pa. Ṣùgbọ́n ojú ogun kan náà ni, èyí ni odi ìfun, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ sì kàn. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ wọn ni yóò mọ ìdí tí kátà fi le tó bẹ́ẹ̀.

5. BÍ KÁTÀ ṢE Ń BORÍ ÀWỌN Ẹ̀ṢỌ́

Ní ọdún 1942 ni a kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ó ń pa. Kì í ran ènìyàn. Bí ó bá wọ ara màlúù, kì í sábà ṣe é ní nǹkan, màlúù kì í sì í ràn án kálẹ̀. Nítorí náà, bí kátà bá bá ọkọ̀ akẹ́rù wá láti òkè, kì í ṣe màlúù tí ó wà nínú rẹ̀ ni ẹ ó fura sí, bí kò ṣe àgùntàn àti ewúrẹ́ tí wọ́n jọ wá.

Ọgbọ́n tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń lò burú. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé e ní ìpele mẹ́ta.

Ìpele kìíní: inú afẹ́fẹ́ tí ẹran aláìsàn ń mí jáde àti inú ikun imú rẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sí imú ẹran mìíràn. Kì í kọ́kọ́ lọ sí ìfun. Àwọn jagunjagun ara gan-an ni ó kọ́kọ́ ń wọ̀ lára, nítorí pé purotéènì kan wà lára wọn tí ó bá a mu bí kọ́kọ́rọ́ ti í bá àgádágodo mu. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ náà ni ó ti ń bí sí i, tí ó sì ń pa wọ́n. Ní àkókò yìí, ẹran ṣì lè máa jẹun, kí ojú rẹ̀ sì máa dán.

Ìpele kejì: láti inú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó ti mú lẹ́rú ni ó ti ń bọ́ sí odi ìfun, odi ẹnu àti odi ẹ̀dọ̀fóró. Kí ni ó ń dì mú kí ó tó lè wọlé? Nectin-4 ni, okùn ìdè tí a sọ pé kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọdún 2013 ni a fi ìdí èyí múlẹ̀. Okùn tí a fi di ọgbà ni olè náà fi ń gun ọgbà wọlé.

Ìpele kẹta: àwọn sẹ́ẹ̀lì odi ń kú, wọ́n sì ń bọ́ dànù. Ikun kò sí mọ́, okùn ti já, àwọn ilé ẹ̀ṣọ́ tí ó wà lára ìfun sì ti wó. Omi inú ara ń ṣàn jáde sí ìfun, ìgbẹ́ gbuuru dé. Àwọn kòkòrò inú ìfun gba ojú ihò wọlé. Ní ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò mìíràn ń wọlé bákan náà, ikọ́ dé. Àwọn tí ì bá lu ìlù ogun bí ó ti yẹ, àti àwọn tí ì bá parí ìjà, púpọ̀ nínú wọn ni fáírọ́ọ̀sì ti pa. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí i pé aràn àti àwọn àrùn mìíràn tí ẹran ti ń fara dà tẹ́lẹ̀ á gbérí nígbà tí kátà bá mú un.

6. ÀMÌ ÀRÙN NÁÀ

Ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹran bá kó o ni àmì sábà máa ń yọ, ṣùgbọ́n ó lè yá tàbí kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àmì náà nìyí:

– Ibà líle. Ẹran á dúró sí igun kan, irun rẹ̀ á dìde, kò sì ní jẹun.
– Omi á máa jáde lójú àti nímú. Bí ọjọ́ ti ń lọ, á ki, á gan mọ́ imú, ìpéǹpéjú á sì lẹ̀ mọ́ra.
– Egbò á yọ sí ètè, èrìgì àti ahọ́n, ẹnu á sì máa rùn.
– Ìgbẹ́ gbuuru, tí ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.
– Ikọ́ àti mímí gúlegúle.

Èyí tí yóò bá kú nínú wọn sábà máa ń kú láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn tí àmì bá yọ. Nínú agbo tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ rí, ó lè jẹ́ pé díẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ni kátà tún máa ń pa jù. Àwọn irú ẹran ilẹ̀ òkè tí ó gbẹ, tí ẹsẹ̀ wọn gùn, sábà máa ń fara dà á jù wọ́n lọ. Ẹ wo ewu tí ó wà nínú èyí: àgbò tí ó ti òkè wá lè sín díẹ̀ kí ara rẹ̀ sì yá, nígbà tí ewúrẹ́ ilé tí ó ràn án sí ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹran sì máa ń ran ẹlòmíràn kí àmì kankan tó hàn lára òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, wíwo ojú ẹran lọ́jà kò tó.

Ìrìn àjò gan-an tún ń dá kún un. Ẹran tí ó dúró nínú ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí oòrùn ń pa, tí a sì fún mọ́ra, agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Bí ọ̀kan péré bá gbé kátà wọ ọkọ̀, ó rọrùn kí púpọ̀ nínú wọn gbé e bọ́ sílẹ̀.

7. OHUN TÍ ÒÒGÙN LÈ ṢE ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Kò sí òògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì kátà nínú ara ẹran. Àwọn òògùn bí oxytetracycline tí dókítà ẹran máa ń fún wọn, kòkòrò kejì tí ó gba ojú ihò wọlé ni ó ń bá jà, pàápàá èyí tí ó wà ní ẹ̀dọ̀fóró. Ó lè gba ẹ̀mí díẹ̀ là. Bákan náà, omi mímọ́ lítà kan tí a po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lè dá omi tí ẹran ń sọ nù padà. Kí a máa fún un díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Kí a fi omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu àti imú rẹ̀. Kí a sì fún un ní ewé tútù tí kò le, nítorí egbò ẹnu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀lé àlàyé wa bọ̀ ti rí ìdí tí èyí kò fi tó. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bá fi bẹ̀rẹ̀, odi ti wó, ẹ̀ṣọ́ ti kú. Kò sí òògùn inú ìgò tí ó lè tún odi mọ lóòjọ́. Ara ẹran nìkan ni ó lè tún un mọ, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ àgbẹ̀ wúlò jùlọ ni kí fáírọ́ọ̀sì tó dé.

8. ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ àwọn jagunjagun ara ní ojú ọ̀tá kí ọ̀tá tó dé. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì gidi bá wọlé, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì ti ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò dì í mú kí ó tó dé odi ìfun.

Abẹ́rẹ́ kátà yìí ní ìtàn tí ó kan orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 1975 ni a rí fáírọ́ọ̀sì kan gbà lára ewúrẹ́ ní Nàìjíríà. Fáírọ́ọ̀sì yìí ni Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di aláìlágbára, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1989. Nigeria 75/1 ni a ń pè é títí di òní, ó sì wà lára àwọn tí a ń lò jùlọ káàkiri àgbáyé. Ní orílẹ̀-èdè wa, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára kátà.

Ìgbà kan ṣoṣo tí a bá gún un, ó ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Kò ń ṣe aboyún ẹran ní jàm̀bá. Ọmọ ẹran tí ìyá rẹ̀ ti gbà á, kí a dúró títí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ tí ó gbà nínú omi ọmú àkọ́kọ́ lè ba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ jẹ́ kí ó tó di ìgbà náà.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkínní, inú yìnyín ni abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà láti ilé-iṣẹ́ títí dé oko. Èyí tí oòrùn bá ti pa ti di omi lásán. Èkejì, bí a bá ti po ó, kíá ni kí a gún un tán. Ẹ kó ẹran jọ kí dókítà tó dé, kì í ṣe ìgbà tí ó bá dé tán ni kí a máa lé ewúrẹ́ kiri. Ẹ̀kẹta, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ń gba ara kí ó tó múra tán. Bí ẹran bá ti kó kátà kí a tó gún un, abẹ́rẹ́ kò ní gbà á là. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń wí pé abẹ́rẹ́ ni ó pa ẹran àwọn. Àrùn tí ó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ni ó pa á.

9. BÍ ẸRAN ÀLEJÒ BÁ DÉ

(i) Kí agbo ilé ti gba abẹ́rẹ́ kí ẹ tó ra ẹran tuntun wọlé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Bí Iléyá ni ẹ ń múra sí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

(ii) Ẹ ya ẹran àlejò sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21. Kí ibùsọ̀ rẹ̀ jìnnà sí ti ẹran ilé, kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ má fẹ́ lù wọ́n. Kí ọpọ́n omi àti ti oúnjẹ rẹ̀ dá dúró.

(iii) Ẹran ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò. Bí ẹ bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí kò lágbára níta ara. Ọṣẹ àti oòrùn ń pa á.

(iv) Ẹ fún àlejò ní omi kí ẹ tó fún un ní oúnjẹ. Koríko ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe eèpo iṣu tàbí ọkà lọ́pọ̀ yanturu, kí inú rẹ̀ má baà bàjẹ́ lójijì.

(v) Àgbò ọdún tí a ó pa lọ́la pàápàá, ẹ má ṣe so ó mọ́ àárín ewúrẹ́. Ẹ̀mí rẹ̀ lè kúrú, ṣùgbọ́n mímí rẹ̀ lálẹ́ kan tó láti ran agbo. Ẹ wa ihò sin ìgbẹ́ inú ìfun rẹ̀.

(vi) Bí ẹran bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ẹ má ṣe kó ìyókù lọ tà. A mọ̀ pé ojú ń pọ́n ẹni tí owó rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹran tí a fi ìkánjú tà bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé kátà láti abúlé dé abúlé, bí a bá sì tún lọ sọ́jà láti ra òmíràn, òun ni a óò tún pàdé. Ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì sin òkú ẹran jìn.

10. ÀPẸẸRẸ LÁTI ỌWỌ́ ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rò pé irú àrùn yìí kò ṣeé ṣẹ́gun, kí ó wo ọ̀rọ̀ rinderpest, àrùn màlúù tí í ṣe ìbátan kátà. Òun pẹ̀lú máa ń wó odi ìfun, ó sì ń pa ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Walter Plowright ni ó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí a fi ja àjàṣẹ́gun, ní orílẹ̀-èdè Kenya. Ní ọdún 1962, agbègbè adágún Chad, tí Borno jẹ́ apá kan rẹ̀, ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ètò àpapọ̀ ńlá láti gún màlúù ní abẹ́rẹ́. Àrùn náà lọ sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì dẹ̀yìn. Ní nǹkan bí ọdún 1983, ó tún ja Nàìjíríà, ó sì pa màlúù lọ rẹpẹtẹ. A tún dìde sí i. Ní ọdún 2011, a kéde pé rinderpest ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Lẹ́yìn ìgbóná tí a kéde òpin rẹ̀ ní ọdún 1980, òun ni àrùn kejì tí ọmọ ènìyàn lé kúrò láyé.

Kátà ni ó kù báyìí. Ní ọdún 2015, ní ìlú Abidjan, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fẹnu kò láti lé e lọ kí ọdún 2030 tó parí. Ìpàdé ńlá nìkan kò lè ṣe é. Agbo kọ̀ọ̀kan ni a ó ti ṣe é, láti Maiduguri títí dé Ìṣẹ́yìn àti Ọ̀wọ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ìbéèrè wọ̀nyí sétí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀:

1. Iṣẹ́ méjì wo ni odi ìfun ń ṣe?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín oníṣẹ́ tí ń lu ìlù ogun àti oníṣẹ́ tí í ṣe onílàjà?
3. Kí ni ìdí tí omi ọmú àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì fún ọmọ ewúrẹ́?
4. Kí ni ìdí tí òògùn kì í fi í sábà gba ẹran là nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru kátà bá ti bẹ̀rẹ̀?
5. Ọjọ́ mélòó ni ó yẹ kí a ya ẹran tí a rà láti ọjà sọ́tọ̀?
6. Bí ẹran bá kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ó gba abẹ́rẹ́, kí ni ó lè jẹ́ ìdí rẹ̀?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ ti gbọ́ ti kátà báyìí. Ẹ lọ bá dókítà ẹran tí ó súnmọ́ yín kí ọkọ̀ àgbò tó dé.